Ọmọ Tí Ajíṣu Tì Síta

Kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tó wà láàárín wa. Èyí tí mo jẹ yín, mo ti san án. Mo ṣe fidáù ọjọ́ kẹjọ, mo ṣe ti ogójì. Nígbà tí Ìsíákà àbúrò mi ní òun ń mú àgbò bọ̀ láti Kútọnu, tí a kò rí àgbò, tí a kò rí Ìsíákà, èmi ni mo wá òmíràn. Koríko kò hù lórí sàréè yín, torí èmi ni mo ń tu ú. Èyí tí ẹ jẹ mí kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sì gbé e lọ sí ibi tí ọwọ́ mi kò tó.

Ó yá, Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú àtijọ́. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Mo ṣì ń ra iṣu ní Goro, mo ṣì ń tà á fún àwọn ọlọ́kọ̀ lẹ́bàá ojú irin ní Tchaourou. Kàjú agbègbè wa kò so dáadáa lọ́dún yìí, afẹ́fẹ́ gbọn òdòdó rẹ̀ dànù. Ràfíátù, ọmọ mi tí ẹ máa ń pè ní Ìyá Kékeré, wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì ní Parakou. Òun ló hú ọ̀rọ̀ yìí jáde.

Wọ́n ní kó kọ ìwé gígùn kan tí wọ́n ń pè ní mémúà kó tó lè jáde. Kó mú ẹnì kan nínú ìtàn, ẹni tí wọ́n fẹnu dá lásán, tí kò gbélé ayé rí, kó sì tú inú rẹ̀ wò bí a ṣe ń tú ìfun adìẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú èèyàn inú ìwé Faransé. Òun mú Ajíṣu. Ajíṣu yín, inú àlọ́ tiyín.

Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó ń pàlọ́ lọ́sàn-án gangan. Bí wọ́n bá ní ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú, ẹ máa ń ní tiyín ti kú tẹ́lẹ̀, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbà. Inú àká ni ẹ ti máa ń pa á, bí ẹ bá ń so iṣu mọ́ ọ̀pá, tí ẹ fi eyín di okùn mú. Èmi ni mo máa ń na iṣu sí yín. Ìsíákà wà nílé ìwé.

Mo sọ àlọ́ náà fún Ràfíátù bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ajíṣu ní àká kan àti ọmọ méjì. Ọ̀dá dá, iṣu kù díẹ̀, ó sì búra pé ọmọ kan péré ni òun lè bọ́ já ọdún. Ó mú ọ̀kan wọlé, ó rán ìkejì lọ ṣẹ́gi, ó wá fi igi dábùú ilẹ̀kùn. Ọmọ tó lọ ṣẹ́gi dé, ó ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ Ajíṣu lọ sára igi ìdábùú, ọwọ́ padà. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi òwú di etí. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn nígbẹ̀yìn, ìdì igi nìkan ló bá nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ ka iṣu rẹ̀, á ka ení, ẹnu rẹ̀ kò sì ní gba èjì mọ́. Á tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Ẹni tí wọ́n fi ń tú inú èèyàn wò níbẹ̀ ni dókítà kan tó ti kú tipẹ́, Freud lorúkọ rẹ̀. Ó ní èèyàn kì í ṣe ẹnì kan, àwọn mẹ́ta ló ń bá ara wọn gbé nínú wa. Èkíní dà bí ọmọ ọwọ́, ó fẹ́ ni ó fẹ́, kò mọ ìtìjú. Èkejì dà bí lèmọ́mù tó mú pàṣán dání, gbogbo ohun tí àwọn òbí àti ìlú ní kò dára ló ń ṣọ́. Ẹ̀kẹta wà láàárín wọn, òun la máa ń pè ní èmi. Mo ní ó yé mi, ọlọ́kadà ni ẹ̀kẹta yẹn, ó gbé obìnrin sísanra méjì, ọ̀kan ní kó yà sí Tchatchou, ìkejì ní Goro ni, epo kò sì tó. Ràfíátù rẹ́rìn-ín títí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tún ní dókítà náà sọ pé ohun tí èèyàn kò bá fẹ́ rí nínú ara rẹ̀, ó máa ń rì í mọ́lẹ̀, àmọ́ kì í tán níbẹ̀. Á hù níbòmíràn, lójú àlá, nínú àwàdà, nínú ọ̀rọ̀ tó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu. Mo ní ó dáa, dókítà náà ti gbin iṣu rí nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣeré, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín ń dùn lẹ́nu wa. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìbẹ̀rù ebi ni ọmọ ọwọ́ inú Ajíṣu, pé ìbúra rẹ̀ ni pàṣán, pé ọwọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo mémúà òun. Mo ní ká ní ẹ gbọ́ ọ ni, inú yín ì bá dùn.

Àfìgbà tí olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà ka ohun tó kọ. Olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọkùnrin ni. Ọmọkùnrin ló ń fẹ́ gba ipò bàbá, bàbá ń bẹ̀rù rẹ̀, ló fi tì í síta. Ó ní bí dókítà ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé Faransé kì í jẹ́ kéèyàn fara pamọ́. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, il ni wọ́n ń kọ, bó bá jẹ́ obìnrin, elle. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dé, ó kọrin, ó sunkún, ta ni ó? Ẹnikẹ́ni. Ràfíátù wọkọ̀ wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣa iṣu, ó bi mí.

“Màmá, ọmọ ẹnu ọ̀nà yẹn, ọkùnrin ni àbí obìnrin?”

Mo ní ọkùnrin ni, mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Láti kékeré, Ìsíákà ni mo ń rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Èmi kọ́ ni mo wà nínú àká pẹ̀lú yín? Èmi kọ́ ni iṣu wà lọ́wọ́ mi? Mo rò pé èmi lẹ mú wọlé.

Ó ní kí n kọ orin náà kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́:

Bàbá, ṣílẹ̀kùn fún mi o,
Igi wúwo lórí mi,
Òjò ń pa mí bọ̀ lọ́nà,
Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi já.

Ẹnu mi dúró síbẹ̀. Ọmọkùnrin wo ló ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sídìí?

Ràfíátù gbé bírò sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé láti ìgbà wo ni bàbá òun àgbà ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní iṣu ń dúró dè mí. Irọ́ ni. Mo mọ ìgbà tí ó jẹ́.

Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta lorin yẹn ní. Òjò ọdún tí mo ṣe ìdánwò sètífíkà láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ẹsẹ̀ kẹrin kọ́kọ́ jáde. Ẹ ń so iṣu, okùn bọ́ lẹ́nu yín, ẹ sì kọ ọ́ jáde bí ẹni tó húkọ́. Mo bi yín níbo lẹ ti rí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ ní kí n na okùn sí yín.

Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀? Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ ògiri ní Tchaourou. Òjò ń rọ̀, ibà ń ṣe mí, ẹ ní ẹ̀yin á gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Ẹ kò mọ̀wé, torí náà mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sórí bébà pé kí ẹ fi wé èyí tó wà lára ògiri, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan. Ẹ fi í sínú fìlà. Nígbà tí ẹ dé, ẹ nu kẹ̀kẹ́ títí kí ẹ tó wọlé. Ẹ ní orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àpò ìwé mi ti wà léjìká Ìsíákà.

Ṣé ẹ dé ibi ògiri yẹn rárá? Ṣé ẹ yọ bébà náà nínú fìlà? Ṣé ẹ rí orúkọ mi, tí ẹ fi ìka tọ ọ́, tí ẹ wá padà?

Ẹ má rò pé mi ò mọ ìṣirò. Iṣu jẹrà lọ́dún náà, mo mọ̀, èmi ni mo ń kó o dànù. Owó ilé ìwé ẹnì kan ló wà. Ká ní ẹ pè mí, kí ẹ ní ọmọ mi, o yege, àmọ́ agbára mi kò ká a, ǹ bá sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan, ǹ bá dìde. Ẹ sọ fún mi pé orí mi kò gbé e. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìyẹn dàgbà. Títí dòní, bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa lọ́jà bá gbé ìwé owó wá fún mi, màá ní kí ẹlòmíràn tún un yẹ̀ wò, èmi tí mo ti ṣe ìṣirò tán kí wọ́n tó ṣí i. Ìsíákà tí ẹ fi mí rà, ó fi ilé ìwé sílẹ̀ kó tó dé àárín. Faransé tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló fi kí àwọn èèyàn níbi ìsìnkú yín. Wọ́n ní ó sọ ọ́ dáadáa.

Tí mo bá sì wo ẹ̀yìn, iṣu tuntun ńkọ́? Lọ́dọọdún, kí lèmọ́mù tó rí tirẹ̀, kí Ìsíákà tó rí tirẹ̀, ẹ ó ti gbé èyí tó tóbi jù wá sílé ọkọ mi, lórí ara yín. Ẹ kì í jókòó. Ẹ kì í mu omi. Mo máa ń yangàn sí àwọn orogún mi, mo ní ẹ wo bàbá tó fẹ́ràn ọmọ. Ràfíátù ní onípàṣán inú yín ló ń gba ìtanràn. Mo ní kó pa ẹnu dé, iṣu ni iṣu. Àmọ́ mi ò lè jẹ èyí tó wà lórí iná lọ́jọ́ náà.

Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà ti fọwọ́ kan igi ìdábùú yẹn rí. Ọdún tí Ràfíátù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yege pọ̀, mo jókòó ní ọjà, mo ń rò ó pé ọkùnrin ló ṣe pàtàkì. Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa. Ẹ gbọ́, irọ́ gan-an ni mo ń wá, kì í ṣe owó. Nígbẹ̀yìn, mo ta ilẹ̀ kàjú mi, àwọn méjèèjì sì lọ. Torí náà mo mọ bí ó ṣe ń wúwo. Mo sì mọ̀ pé ó ṣeé gbé kúrò.

Mo lọ sí ilé ìwé lọ wá ìwé orúkọ ọdún náà. Ikán ti jẹ ẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé ìgbà yẹn ti kú. Tàtá Sàlámọ́tù, àbúrò yín, ló kù, mo lọ bá a. Ó ní, “Fi òkú sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí, ó ti rẹ̀ ẹ́.” Mo ní ó ti rẹ èmi náà, ta ni yóò fi mí sílẹ̀?

Ràfíátù ti parí ìwé rẹ̀. Gbogbo ibi tí ó yẹ kí il tàbí elle wà, ó fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní olùkọ́ lè yọ máàkì kúrò bí òun bá kọ elle, kò ká òun lára, àmọ́ ẹnu mi ni òun ń wò. Bí mo bá ní il, àlọ́ lásán ni, mo ṣì ní bàbá tí òjò kàn pa lásán, tí kò rí orúkọ mi lóòótọ́. Bí mo bá ní elle, ẹ ti rí orúkọ mi lára ògiri yẹn, ẹ sì mọ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń na iṣu sí yín.

Ẹ kò wá sójú àlá mi rí. Ẹ wá wàyí, kí ẹ sọ ọ̀kan, èyíkéyìí, màá gbà á lẹ́nu yín. Bí ẹ bá tún dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yín ni màá fi tẹ ọmọ mi láago, elle ni yóò sì kọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gba ìwé náà.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín títí ó fi di ìbínú, tó sì ń retí èsì yín ní Ọjọ́rú.