Ẹ̀rọ Òkè Kẹta Ti Ké O!

Agboolé wa, Kabawa, Lokoja.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Sùmáyà Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Àsàláámù aléékùm. Báwo ni Àbújá, báwo ni òtútù inú ọ́fíìsì yín, báwo ni onílé rẹ tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti omi ẹ̀rọ? Ṣé ò ń jẹun, àbí indomie náà ni? Bí ara bá le bí mo ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó le, alihamdulilahi. Èmi náà wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń dùn mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti àná kò dùn mí mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fojú sunkún ara wa. Kò ní dójú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ láé, ó sì ti gbọ́ èyí, àná ló gbọ́ ọ.

Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, méjì ni, akọ ni ọ̀kan. Omi odò ti ń fà sẹ́yìn, kò wọlé wa lọ́dún yìí, ẹnu ọ̀nà àwọn Nupe apẹja ló dé tó fi padà. Nàbílà àbúrò rẹ ń kí ọ láti ilé ọkọ. Ìyá Fàtíà tí a jọ ń yan ẹja lẹ́bàá odò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, ó ṣì ń bi mí pé ọmọbìnrin tó ń gun àkàbà wọ inú àjà, ta ni yóò fẹ́ ẹ. Mo ti ní kí ó dúró ná.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi fóònù sọ fún ọ pé ẹ̀rọ náà ti ké. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ọ bí ó ṣe ké, n kò sì lè fi fóònù sọ ọ́, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tó dùn ni obìnrin inú fóònù yẹn máa ń já lù ú, tí á ní owó mi ti tán, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù díẹ̀, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, òṣìkà ènìyàn ni. Mo bá ní kí n kọ ìwé, kí n fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè já lu ọ̀rọ̀ mi.

Lọ́jọ́ Ajé tí o pè mí tí ò ń sunkún, o ní nínú gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn èéfín tí o dè mọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní àdúgbò Crusher níbí, èyí tó wà ní òkè kẹta kò ké nígbà tí wọ́n dán an wò. O ní Mákánjúọlá ọ̀gá yín sọ pé ìwọ lo bà á jẹ́, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, pé bí àwọn ayẹ̀léwò bá padà dé ní Ọjọ́bọ̀ tí kò bá tún ké, kí o má wulẹ̀ wá sẹ́nu iṣẹ́ mọ́ láéláé. Wọ́n sì ti gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní Àbújá, wọn kò jẹ́ kí o wá fi ojú ara rẹ wò ó. O ní kí n má ṣe nǹkan kan o, kí n ṣáà máa gbàdúrà. Mo gbàdúrà. Nígbà tí mo ṣe àmín tán, mo wá ìborùn mi.

Mo ti mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ṣé o rántí èyí tó ti kú tí o gbé wá sílé nígbà àwẹ̀, tí o ní kí n má jù ú nù? Mo gbé e kọ́ sókè ààrò mi, mo sì fi gbogbo èéfín hàn án níkọ̀ọ̀kan: èyí ni ti igi òrí, èyí ni ti ṣùkù àgbàdo, èyí tó ń wá látọ̀hún yẹn ni ti Ìyá Fàtíà, má fọkàn tán an. Ṣebí bí a bá mú ajá tuntun wọlé, a ó fi ẹni ilé hàn án kí ó má baà gé wọn jẹ? Láti ìgbà yẹn kò ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì mọ̀ pé ó ti mọ̀ wá. Èyí tó wà ní Crusher, ẹnikẹ́ni kò fi í mọ èéfín Lokoja, ìlú òyìnbó ló ti wá, ojú ń tì í ni. Ìdákẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, mo di igi òrí sínú àpò, mo gbé abọ́ irin tí mo fi ń kó èédú, mo kó ẹja sínú igbá, mo wọ kẹ̀kẹ́. Janet, ọmọ Ígálà tó ń ṣọ́ géètì wọn, ní kò sí àyè fún ẹni tí kò bá iṣẹ́ wá. Mo ní iṣẹ́ ni mo bá wá. Ó ní ìwé àṣẹ mi dà. Mo ṣí igbá, mo fi ẹja àrọ̀ kan hàn án, ó wò ó dáadáa, ó ní ó ti rí i. Ó wá mú akoto aláwọ̀ ìyeyè kan, ó dé e lé mi lórí gèlè, ó ní ẹni tí kò bá dé e kò gbọdọ̀ gòkè. Mo mọ̀ pé wọn kì í fún gbogbo ènìyàn nírú oyè bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì gbé e wálé, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, ẹ̀gbẹ́ àwòrán bàbá rẹ.

Nígbà tí èmi àti Janet tó bá mi gbé igbá dé òkè kẹta, mo bá Mákánjúọlá níbẹ̀, bírò ní etí, ikùn níwájú. Alhaji Yàkúbù, àgbàlagbà tí wọ́n rán wá yẹ ilé wò, jókòó sórí páálí pẹ̀lú ìwé ńlá. Mákánjúọlá bi wọ́n pé ta ló jẹ́ kí ẹlẹ́ja gòkè. Mo ní ẹja kọ́ ni mo wá tà, ọmọ ni mo wá gbèjà. Ó fẹ́ lé mi, Alhaji ní kí ó fi mí sílẹ̀, pé a kì í lé àgbà. Ọlọ́run yóò lé ọ̀tá jìnnà sí Alhaji náà.

Mákánjúọlá fa agolo kékeré kan yọ, ó ń fín in bí oògùn ẹ̀fọn, ó ní èéfín ni. Èéfín wo ni kì í mú ni lójú? Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lóòótọ́, ìdákẹ́ ẹni tó gbọ́n. Mákánjúọlá wá kọjú sí Alhaji, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun sọ nìyẹn, pé obìnrin tó yẹ kí ó wà ní ilé ìdáná ni wọ́n gbé gun òkè àjà. Sùmáyà! Wallahi, bí kì í bá ṣe ti Alhaji ni, igbá ẹja ni ǹ bá dà lé e lórí. Mo wí fún Alhaji pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí n fi ojúlówó èéfín han ẹ̀rọ náà, kí àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kò burú, kí wọ́n gbé korobá omi sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Mo dáná sínú abọ́, mo gbé e sábẹ́ ihò tí fáànù ń gbà fa afẹ́fẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń yan ẹja, bí èéfín bá ṣí kúrò nílẹ̀, mo mọ ilé tó ń lọ. Ó gba inú ihò wọlé wìì. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ lára páànù ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, páànù tí àgbò lè rìn nínú rẹ̀. Mo gun àkàbà, Janet di ìdí mi mú, mo yọjú. Mo rí páìpù tí o ti sọ fún mi, èyí tó dábùú inú páànù, tí wọ́n lu ihò sí ní ẹ̀gbẹ́ kan kí èéfín lè gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lóde. Èéfín mi ń kọjá lára rẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, ẹ̀yìn ló ń lù ú. Gbogbo ihò náà kọjú síbi tí atẹ́gùn ń lọ, kò sí ọ̀kan tó kọjú síbi tó ti ń bọ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí wọ́n mú mi lọ wo ti òkè kejì tó ké. Ti ibẹ̀ kọjú sí atẹ́gùn gan-an. Mo tún gòkè padà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ọ̀hún gbàgbé àìsàn rẹ̀, mo wí fún Alhaji pé ọ̀rọ̀ ojútì kọ́ nìyí o, kò sí ẹni tó ń fi ìpàkọ́ gbọ́ òórùn. Bí ọyẹ́ bá yí ojú, mo máa ń yí ẹnu ààrò mi, ẹni tí kò bá yí tirẹ̀, ẹja tútù ni yóò kó lọ sọ́jà. Alhaji wọ awò ojú, òun náà gun àkàbà, ó pẹ́ lókè. Nígbà tó sọ̀, ó bi Mákánjúọlá pé ta ló ki páìpù yìí bọ̀ ọ́. Ó ní ta ni ìbá tún jẹ́, Sùmáyà ni.

Mo ní nínú ọkàn mi pé ṣé lóòótọ́ lo ṣe é ni? Ìgbà náà ni mo rí àmì pupa bíńtín lórí ìdí páìpù tó yọ síta. Mo ti rí irú rẹ̀ ní òkè kejì, níbi tó ti kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ti ibí yìí kọ ẹ̀yìn sí i. Mo fi èékánná họ ọ́. Kútẹ́ẹ̀sì! Kútẹ́ẹ̀sì pupa tí Nàbílà wá títí ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, tí mo fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan Ìyá Fàtíà, tí a fi yan odì fún ọjọ́ mọ́kànlá! Sùmáyà, ìwọ ni! O fi sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tí ihò wà kí o lè mọ̀ ọ́n láti òde. Ẹni tó sàmì kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i sẹ́yìn. Mo pariwo ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn lébìrà fi gòkè wá wò wá.

Alhaji tún ìbéèrè rẹ̀ bi Mákánjúọlá, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló sì ba ènìyàn lẹ́rù. Òógùn bo ọkùnrin náà. Ó ní ó ṣeé ṣe, ó ní bóyá, pé nígbà tí wọ́n pààrọ̀ páànù ibẹ̀ lẹ́yìn tí o ti lọ, òun fa páìpù yọ, òun sì kánjú dá a padà. Ó kánjú! Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti kìlọ̀ fún láti ọjọ́ ìkómọ!

Wọ́n yí páìpù padà, wọ́n dè é, mo koná mọ́ igi òrí. Mi ò tíì ka ení dé èjì dáadáa tí ẹ̀rọ náà fi ké. Ó ké, ọmọ mi! Fáànù kú fúnra rẹ̀, èéfín dúró lójú kan, kò lè lọ sí yàrá ẹnikẹ́ni mọ́. Janet bẹ́ sílẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú igbá ẹja mi. Èmi náà ké Allahu Akbar, mo jó láti igun kan dé èkejì. Nígbà tí ariwo náà pọ̀ jù, mo wí fún ẹ̀rọ pé ó tó, ó ṣeun, ó sì dákẹ́. Wọ́n ní Mákánjúọlá tẹ nǹkan kan lára ògiri, ṣùgbọ́n tèmi ló gbọ́.

Alhaji ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo kọ Kàrímọ́tù sí gbogbo ibi tí wọ́n fa ìlà sí, n kò fẹ́ kí àyè kan ṣófo kí ẹlẹ́tàn wá kọ tirẹ̀ sí i. Ó ní mo ti di ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì, mo ti di ẹni tó kọ́ ọ, mo sì ti di panápaná. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó mú ìwé mìíràn. Lójú mi báyìí ló ti kọ orúkọ rẹ síbi orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ pé, ọwọ́ ẹlòmíràn ló yí i. Ó ní òun yóò fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá àgbà yín. Mákánjúọlá ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Mo ní ṣebí ó ní fóònù. Bí kò bá tíì pè ọ́, fi tó mi létí, mo mọ ọ̀nà Crusher.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Ọjọ́ tí o ní ojú rẹ kò lè gba iṣẹ́ èéfín, tí o di ẹrù rẹ lọ sí pólì, ó dùn mí dọ́kàn. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló ń tì ọ́ lójú. Láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún méje ni mo ti ń pariwo mọ́ ọ pé kí o wo ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kí o tó dáná, ìwọ a máa fi ojú sí ibòmíràn, mo ní ọmọ yìí kò gbọ́. O gbọ́! Gbogbo rẹ̀ lo gbọ́! Mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ lánàá, mo sunkún ayọ̀ dé Kabawa, ẹni tó wà á rò pé wọ́n kú fún mi. Iṣẹ́ mi náà lò ń ṣe, o kàn gbé e gun òkè àjà ni.

Ìyá Fàtíà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí kútẹ́ẹ̀sì, ẹ̀bẹ̀ díẹ̀, n kò bẹ̀ ẹ́ jù. Ó wá rántí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan ń wa tírélà ní Obajana, kò sì tíì níyàwó. Mo ní bí ó bá mọ àkàbà gùn, kí ó máa bọ̀.

Bí owó oṣù bá dé, rántí mi. Wáyà tí mo ń to ẹja lé ti jẹrà, Janet sì jẹ ẹja tó pọ̀. Má fi owó náà gba inú fóònù, èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà kan, fóònù mi ti kú nígbà tó dé, ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè bá ọ̀nà mìíràn lọ nígbà tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Fún awakọ̀ yìí, mo mọ ìyá rẹ̀. Bá mi ra kútẹ́ẹ̀sì pupa mìíràn fún Nàbílà, kí o sì mú tìrẹ lọ síbi iṣẹ́ gbogbo.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àkàbà. Gbogbo ilé tí o bá fọwọ́ kàn, iná kò ní mọ ọ̀nà ibẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí o bá dè, bí wọ́n bá ti dán wọn wò tí wọ́n ké, Ọlọ́run kò ní fún wọn ní ìdí láti ké mọ́ títí wọn yóò fi gbó. Ẹni tó bá sùn sábẹ́ wọn yóò jí láàárọ̀, yóò na ara, yóò máa bínú pé oúnjẹ òun pẹ́, kò sì ní mọ̀ láé pé ẹnì kan ń jẹ́ Sùmáyà.

Èmi mọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ,
Kàrímọ́tù.