Ọwọ́ Tí Ẹ Nà Sókè

Daddy mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbi tí ẹ wà, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín: ẹ káàárọ̀ sà.

Fìlà yín ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mummy ò jẹ́ ká gbé e kúrò. Ọ̀sẹ̀ yìí ni òmìnira Gánà pé ọgọ́ta ọdún, mo sì ń retí kí ẹ gbé kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, àti ẹja díndín wọlé láti Plumstead, kí òórùn ata gba gbogbo fúláàtì wa ní Thamesmead, ní London níbí.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń yọ Mummy lẹ́nu? Pé nínú ilẹ̀ mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Gold Coast, ìyẹn Gánà, ló kọ́kọ́ bọ́, pé ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Accra ti fi ọdún mẹ́ta ṣe ọ̀gá àwọn ará Nàìjíríà nínú òmìnira. Mummy á pòṣé. Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ òmìnira náà: ẹ kéré, èrò pọ̀, ẹ di aṣọ ìyá yín mú. Ibẹ̀ ni mo máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu.

“Daddy, story Accra tún ti dé o! Shift mi ti fẹ́ start.”

Ẹ̀rín lẹ máa ń rín, ẹ ó sì máa bó háhá ara kẹ́ńkẹ́ yín lọ. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò kẹ́yìn láyé, èdè Gánà tí ẹ fi dàgbà nìkan ló kù lẹ́nu yín. Mi ò gbọ́ ọ, Mummy náà ò gbọ́ ọ. Ẹ ń na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo rò pé àdúà lẹ ń ṣe. Alfa tó wá ṣàdúà fún yín náà rò bẹ́ẹ̀. À ń ṣe “Àmín, àmín,” mo sì ń ká ọwọ́ yín wálẹ̀ sábẹ́ kúbùsù kí òtútù má baà mú yín. Ẹ tún nà án. Mo tún ká a wálẹ̀.

Lánàá ni Auntie Afúà tó ń ta kẹ́ńkẹ́ fún yín wá kí wa kú aráfẹ́rakù. Wọ́n gbé Èkó pẹ́, wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àwọn ni ẹ rí sọ ìtàn yẹn fún dé òpin.

“Daddy rẹ ò rí flag Gánà tuntun tí wọ́n fà sókè lọ́jọ́ yẹn rárá, èrò ti block wọn. Wọ́n bá raise ọwọ́ méjèèjì sí mama wọn, wọ́n ń sunkún, ‘Gbé mi, gbé mi.’ Ìgbà tí mama gbé wọn ni wọ́n tó rí i.”

Auntie na ọwọ́ tiwọn sókè láti fi hàn mí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo sunkún níwájú wọn bí ọmọdé.

Daddy, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa gbé arúgbó. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Belvedere, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé bàbá òyìnbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n gbé wọn dé ojú fèrèsé kí wọ́n lè wo ìta. Bàbá tèmi nìkan ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ta lẹ rí lójú mi lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ìyá yín ni? Ṣé ẹ padà rí ohun tí ẹ fẹ́ rí?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ì bá gbé yín.