Ọ̀rọ̀ Ẹnu Tí Baba Dawson Gbọ́ ní Jámánì

Thamesmead,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì.

Ìléríolúwa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ń mókun nínú yìnyín Estonia yẹn? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ pẹ̀lú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀. Àlàáfíà ni mo wà. Kùrukùru bo odò Thames láàárọ̀ yìí débi pé bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ dà bí ọkọ̀ ojú omi.

Oṣù mẹ́rin rèé tí mi ò kọ̀wé sí ọ. Inú ló bí mi. O ní, "Mummy, bárékè Woolwich níbí ni iṣẹ́ ológun máa fi mí sí." Nígbà tí mo gbọ́ pé ìtòsí ààlà Rọ́ṣíà lo wà, mo gbà pé o parọ́ fún mi ni.

Baba Dawson, sójà àtijọ́ tí mo ń tọ́jú nítòsí Woolwich Common, tún dá kún un. Jámánì ló wà nígbà tí wọ́n wó ògiri Berlin. Ó ní gbogbo àwọn làwọn gbọ́ ọ nígbà náà: àwọn aláṣẹ fọkàn Rọ́ṣíà balẹ̀ pé NATO, ẹgbẹ́ ológun tó gbé yín lọ síbẹ̀, kò ní fẹ̀ lọ sí ìlà oòrùn. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé. "Àwa la yẹ àdéhùn náà," ló máa ń wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bá mi wọ ojú oorun. Mo sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, mo rí ọ lórí pápá funfun kan, ò ń rìn, ipa ẹsẹ̀ rẹ kò sì hàn nílẹ̀. Mo pè ọ́ títí, ohùn mi kò jáde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Maarika, nọ́ọ̀sì ará Estonia tó ń di egbò ẹsẹ̀ Baba, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ta ló ní kí wọ́n fi ilẹ̀ wa ṣèlérí?" ló bi í. "Àwọn ará Rọ́ṣíà ló kó bàbá àgbà mi nígbèkùn lọ sí Siberia. Kò sẹ́ni tó fà wá wọ NATO, àwa fúnra wa la lọ kanlẹ̀kùn." Baba ní ìyẹn kò ní kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ di èyí tí wọn ò sọ. Ohùn ń ga sí i, omi sì lé sójú Maarika.

Mi ò mọ ìgbà tí mo lanu: "Ọmọ mi wà níbẹ̀."

Maarika di ọwọ́ mi mú. Ó ní tí ìyá òun, tó ń gbé nítòsí bárékè yín, bá ti rí àwọn sójà yín tí wọ́n ń kọjá, oorun ọjọ́ náà máa ń dùn mọ́ ọn. Baba yíjú sí wa. "Mi ò bi ará Estonia kankan rí," ló wí. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, àmọ́ ó na ẹsẹ̀ sí Maarika kó parí iṣẹ́.

Mi ò mọ ẹni tó jàre nínú wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi náà kò bi ọ́. Ṣé wọ́n kàn gbé ọ lọ ni, àbí ìwọ lo ní kí wọ́n mú ọ lọ? Sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí. Mi ò ní bínú mọ́.

Ilẹ̀ yìnyín kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Olúwa á dúró níwájú rẹ àti lẹ́yìn rẹ, ojú mi á sì rí ọ láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń ṣàárò rẹ,
Àbẹ̀bí.

Àfikún: Ìyá Maarika ń bọ̀ wá sí bárékè yín lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú búrẹ́dì dúdú. Dọ̀bálẹ̀ kí i, kódà bí kò bá yé e.