Islamiyat Kò Lè Pe Orúkọ Mi

Ojúlé Kẹsàn-án,
Agbowó, Ìbàdàn.
14 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Adúmáadán mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ṣakí? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ẹ ti ń kírun lórí ìdúró? Jẹ́jẹ́lọlá ọmọ mi ti bí obìnrin làǹtìlanti. Ọmọ-ọmọ mi pé mẹ́sàn-án. Wọ́n sì ti so yìgì Akóredé, àbíkẹ́yìn mi, ní Òjòó. Gbogbo èèyàn ló bèèrè yín. Mo lè fi fóònù sọ èyí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rí ìwé ọwọ́ mi. Èmi ni mo kọ ọ́ o, n kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ̀ pé èmi àti Islamiyat, ìyàwó Mánsúrù ọmọ mi, jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́. A ti parí ti Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló kàn. Ọmọdé ni Tíṣà Jésùtóbi tó ń kọ́ wa. Tó bá pàdé mi lẹ́nu géètì, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Tí a bá ti wọ kíláàsì, "Sìkírátù, dìde!" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ti Gẹ̀ẹ́sì, pé kò sí "ẹ" níbẹ̀. Èwo ni kí n wá mú nínú méjèèjì?

Kì í kọ nǹkan sójú pátákó kí a máa kà á tẹ̀lé e. Méjì méjì ló ń mú wa jókòó, kí a máa bi ara wa léèrè. Bàbá Sùlàímọ́nù tó ń lẹ táyà fárí gá: "Tíṣà, ẹnu yín la wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o! Èmi tí n kò gbọ́ àti Ìyá Oníṣu tí kò gbọ́, ta ni yóò kọ́ ta ni?" Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Àmọ́ láàárín oṣù méjì, mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ná ọjà lọ́wọ́ ọmọ Íbò tó ń ta oògùn.

Èmi àti Islamiyat ni tíṣà so pọ̀, nítorí pé ilé kan náà la ń gbé. Lọ́jọ́ ìdánwò, kálukú ní láti fi ẹnìkejì rẹ̀ han kíláàsì. Islamiyat sọ ibi tí mo ń gbé, iye ọmọ mi, àti aṣọ tí mo ń tà tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń dún lẹ́nu rẹ̀! Tíṣà ní, "Orúkọ wọn ńkọ́?"

"Màmá."

"Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n."

"Màmá wa."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ni tíṣà rò pé ó jẹ́, pé ó kàn gbàgbé ni. Ló bá kọ SÌKÍRÁTÙ gàdàgbà sójú pátákó. Islamiyat fọwọ́ bo ẹnu, ó kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo wọn. Kò yege.

Mo ṣàlàyé fún tíṣà. Ó bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ àwa méjèèjì ti jọ wọ fọ́ọ̀mù, òun kò lè yí i padà. Sátidé ni Islamiyat yóò tún ìdánwò náà ṣe. Tí kò bá yege, kò sí ìwé ẹ̀rí. Tí kò bá sì sí ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ títọ́jú ọmọ tí ilé ìwé kan ní Bódìjà ṣèlérí fún un ti lọ nìyẹn. Mo ní kó pe orúkọ náà, mo yọ̀ǹda. Ó ní, "Màmá, tí mo bá pè é tán, ojú wo ni n ó fi wò yín nílé?" Inú bí mi sí i, inú mi sì tún dùn sí i.

Lánàá, mo lọ fowó ránṣẹ́ sí yín níbi POS. Ọmọbìnrin ibẹ̀ bèèrè orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì. Láti àádọ́ta ọdún tí mo ti wọ ilé yín, Adúmáadán ni mo ń pè yín, torí ẹ ti wà láyé kí wọ́n tó gbé mi wálé. "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ o, èrò wà lẹ́yìn yín!" Mo dijú, mo pè é. Ó ní òun kò gbọ́. Mo tún un pè.

N kò tíì mọ èyí tó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ilé lẹ lè tú ìyàwó sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Islamiyat lórí fóònù kó tó di Sátidé, kí ẹ ní kó pe orúkọ mi.

Ẹ bá mi kí Ọlọ́runtóyìn ọmọ yín àti gbogbo ilé. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, fún oògùn orúnkún. Nígbà tí mo pe orúkọ yín tán, mo ní kí ọmọ náà fi márùn-ún mìíràn kún un, kó jẹ́ ìtanràn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni ẹ ó rí.

Èmi ìyàwó yín,
Sìkírátù.