Oko Ìgbẹmọ àti Ọba Páṣíà

                                        Ẹ̀yìn Ọjà Ọba,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ọlálérè, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fì,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìgèdè? Màmá Pẹ̀lúmi ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti rọlẹ̀? Àwa náà ń bẹ níbí. Ó kàn rẹ̀ mí ni, irú àárẹ̀ tí oorun kì í gbà lára ènìyàn.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n bá ọ fi gẹ̀ẹ́sì tó yááyì kọ̀wé sí Olóyè tó ń ra ilẹ̀ kiri, kó wá tì ọ́ lẹ́yìn, kí o lè gba oko kòkó bàbá yín ní Ìgbẹmọ lọ́wọ́ Ìyìn, àbúrò rẹ.

Lọ́sẹ̀ yìí gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn ogun Gíríìkì àti Páṣíà. Nígbà tí ọba Páṣíà kógun dé, tó dáná sun Átẹ́nì, Átẹ́nì àti Spátà parapọ̀ bí àwọn baba wa ṣe parapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, wọ́n sì lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìlú méjèèjì dojú ìjà kọ ara wọn. Spátà gba wúrà lọ́wọ́ Páṣíà, ó fi kan ọkọ̀ ojú omi, ó ṣẹ́gun Átẹ́nì. Kò pẹ́, Páṣíà yí padà, ó bá Átẹ́nì tún odi rẹ̀ mọ. Nígbẹ̀yìn, ọba tó wà lórí oyè ní Páṣíà nígbà náà jókòó sílé, ó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, àwọn ìlú Gíríìkì tó wà ní Éṣíà sì padà di tirẹ̀.

Dùnmínínú, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú, nawọ́ sókè: “Sà, ẹni tó dáná sun ìlú wọn ni wọ́n tún sọ di bàbá ìsàlẹ̀? Orí wọn pé ṣá?”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọlálérè, ìwọ tí o ń fi ọgbọ́n parí ìjà ilé onílé, ṣé o ti gbàgbé ọdún tí Olóyè yìí kan náà kó katakata wọ oko náà? Bàbá yín jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ìwọ dúró lápá ọ̀tún, Ìyìn lápá òsì. Olóyè padà sẹ́yìn, àmọ́ kò gbàgbé oko náà. Ògiri tí kò bá lanu, alángbá kì í ráyè wọ ọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá ará ìlú kọ̀wé, n kò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni rí. Ti òní ti wúwo jù fún mi. Kí ìwé rẹ tó dé ni Ìyìn wá dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ mi: “Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ̀wé sí Olóyè. Ẹ má jẹ́ kí bọ̀dá mi gbọ́ o. Bó bá ti rí gẹ̀ẹ́sì yín, kò ní lè kọ̀.” Olóyè kan náà, oko kan náà.

N kò ní kọ tìrẹ, n kò sì ní kọ tirẹ̀. Wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ránṣẹ́ pe Ìyìn, n kò sì sọ fún un pé ò ń bọ̀. Ayọ̀níkẹ́, ìyàwó mi, yóò gún iyán. Abọ́ kan ṣoṣo ni yóò gbé e sí. Bí o bá bá àbúrò rẹ lórí àga, jọ̀wọ́, má ṣe padà lẹ́nu ọ̀nà.

Bá mi kí Màmá Pẹ̀lúmi àti gbogbo ilé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò fẹ́ yan ẹnì kan nínú yín,
Olúgbénga