Àwọn Tí Mo Dá Padà Lẹ́nu Géètì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé èèyàn kì í já wọlé kó máa rojọ́ láìkọ́kọ́ kí ará ilé. Ara Màmá le. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá rédíò yín jà bí wọ́n ṣe máa ń bá ẹ̀yin fúnra yín jà, pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, síbẹ̀ ẹni tó bá pa á, ó di ìjà. Wọ́n ti tún ọ̀nà àdúgbò wa ní Challenge ṣe. Ó dé iwájú ilé tó ṣáájú tiwa, ó sì dúró síbẹ̀. Mo mọ irú ẹ̀rín tí ẹ̀ bá rín sí i.

Àmọ́ ìròyìn ilé kọ́ ló jẹ́ kí n mú bírò lónìí. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. Láti oṣù méje tí a ti sin yín ni mo ti ń gbé e kiri, mo sì ti ń tan ara mi pé ó ti fúyẹ́.

Ẹ rántí ìgbà tí àìsàn yẹn le, tí a gbé bẹ́ẹ̀dì yín wá sí pálọ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí yín. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi dé láti Agbowó, ẹ ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni bèèrè yín. Ẹ kì í dárúkọ ẹni tí ẹ ń retí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, torí àwọn yẹn ń wá láìyẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń sàmì sí ìwé fún wọn. Àwọn èèyàn pápá lẹ ń bèèrè, àwọn tó mọ̀ yín nígbà tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi á ní kò sẹ́ni tó wá. Ẹ ó ní ó dáa. Lẹ́yìn náà ẹ ó kọjú sí ògiri títí a ó fi gbé oúnjẹ wá.

Irọ́ ni mo ń pa fún yín, Bàbá. Wọ́n wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá.

Ọjọ́ Sátidé ni ti àkọ́kọ́. Mo ń fọ aṣọ yín lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan níta.

“Ẹ jọ̀wọ́ o, ṣé ibí nilé Tìmùtìmù?”

Mo yọjú láti ihò géètì. Bàbá mẹ́ta ni, wọ́n ti wọṣọ òde, ọ̀kan gbé ọsàn sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Mi ò ṣílẹ̀kùn. Mo ní ẹ ń sùn, dókítà ò sì fẹ́ àlejò. Wọ́n gbé ọsàn náà sílẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún yín níbẹ̀ lórí ìdúró, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní bùọ̀dá mi ti gbé yín lọ sí Àbújá fún ìtọ́jú. Ẹ̀yin sì rèé nínú pálọ̀, kò tó ìṣísẹ̀ ogún sí ibi tí wọ́n dúró sí.

Kí ló dé tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ti bi ara mi títí. Ẹ ti rù. Ẹ ò lè dá jókòó mọ́, aṣọ ìtẹ́dìí la sì ń dè mọ́ yín bí ọmọ ọwọ́. Mo mọ bí ayé ṣe rí: ẹni tó wá wo aláìsàn, bó bá ti kọjá géètì tán, ìròyìn ló kù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ máa sọ káàkiri pé àwọn rí Tìmùtìmù, pé ó ti dà báyìí báyìí. Ìyẹn nìdí tí mo máa ń sọ fún ara mi. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kórìíra orúkọ yẹn tí wọ́n sọ yín lórí pápá. Bọ́ọ̀lù ló ba orúnkún yín jẹ́ kí wọ́n tó bí mi, Màmá ló sì ń fi omi gbígbóná jó o fún yín ní gbogbo àárọ̀ ọyẹ́. Lójú mi, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún yín nígbà náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, wọ́n lọ sílé wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ sílẹ̀ fún wa.

Síbẹ̀, èmi náà mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè yín bẹ́ẹ̀. Mo rí i nínú ilé. Bí mo bá ju ọṣẹ, tàbí búrẹ́dì, tàbí báàgì ilé ìwé mi sí yín láti ẹnu ọ̀nà, ẹ kì í na ọwọ́. Ẹ ó fa èjìká sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ó fi àyà gbà á, kò ní ta padà, á kàn rọra bọ́ sí yín lápá bí ọmọ tó ń sùn. Tìmùtìmù lóòótọ́. Màmá á pariwo pé a fẹ́ fi búrẹ́dì ṣeré, ẹ ó sì ní kí wọ́n fẹjọ́ sun Rẹfirí. Èmi ni Rẹfirí, torí ẹ ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe nínú ilé tí mi ò ní fọn fèrè sí.

Nígbà tí ẹ kú, èmi ni mo ṣe pósítà ìsìnkú yín fúnra mi. Mo kọ Díákónì sí i, mo kọ Olùkọ́ Àgbà tó ti fẹ̀yìntì sí i, mo kọ orúkọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màmá bi mí bóyá a ò ní fi Tìmùtìmù sí àárín rẹ̀. Mo ní pósítà ìsìnkú là ń ṣe, kì í ṣe ti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ará pápá kan ṣoṣo ò wá síbi ìsìnkú yín. Báwo ni wọn ì bá ṣe mọ̀? Wọn ò mọ Díákónì kankan.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ pé ọdún kan. Ní oṣù tó kọjá, bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, ó kó ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ dání, oríṣiríṣi bébà, oríṣiríṣi ọwọ́ ìkọ̀wé.

“Màdáàmù, ẹ bá wa tẹ èyí, kẹ́ ẹ dì í pọ̀ bí ìwé kékeré. Lẹ́tà ńláńlá ni kẹ́ ẹ lò o, ojú ẹni tó máa kà á ti ń di àgbà.”

Mo mọ ohùn yẹn kí n tó gbójú sókè. Òun ò mọ̀ mí, torí géètì ló bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Bàbá Rájí lorúkọ rẹ̀. Moniya ló ń gbé, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tiyín. Mo bi í ta ni wọ́n fẹ́ fún.

“Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ kéré. Agbábọ́ọ̀lù wa kan ni. Ó wà ní Àbújá lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀, ara ẹ̀ ni ò yá. Tó bá ti dé, a fẹ́ gbé e fún un kó máa kà á.”

Mo gba ìwé náà, mo ní kó padà wá gbà á.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rántí yín! Ìyá kan tó ń dáná fún yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ìdíje, ẹ kì í jẹ ẹran, ẹ ó ní kí wọ́n bá yín tọ́jú rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá sì pàdánù, ẹ ó gbé ẹran náà fún gólì. Ẹlòmíràn ní bí gólì bá ti gbá bọ́ọ̀lù láti òpin pápá, gbogbo èèyàn á dákẹ́, wọ́n á máa wo ojú ọ̀run títí á fi balẹ̀ sí yín láyà. Ó ní ariwo tó máa ń sọ lẹ́yìn náà, òun ṣì ń gbọ́ ọ tí òun bá ń sùn lọ. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń sunkún, oníbàárà kan sì ń bi mí bóyá ojú ló ń dùn mí.

Àmọ́ nǹkan kan wà nínú ìwé náà tí gbogbo wọn kọ, tí ẹ̀yin ò sọ fún wa rí. Ọjọ́ ìdíje àṣekágbá, ẹ gbá góòlù wọlé, rẹfirí fọn fèrè pé ó wọlé. Ẹ̀yin gan-an lẹ lọ bá rẹfirí pé bọ́ọ̀lù kan yín lọ́wọ́. Ó fagi lé e. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yín pàdánù. Àwọn tó fẹ́ràn yín yìí kan náà ló sọ èèpo ọsàn lù yín láti pápá títí dé ilé tí ẹ̀ ń sùn, tí wọ́n ń pè yín ní ọ̀dàlẹ̀. Ìdíje yín tó kẹ́yìn nìyẹn, torí inú ìdíje yẹn náà ni orúnkún yín ti bàjẹ́. Bàbá Rájí kọ tirẹ̀ báyìí pé òun lòun kọ́kọ́ ju èèpo tó bà yín lójú, òun ò sì tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó ní àwọn ti gbé ọsàn odindi lọ bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ò bá yín nílé.

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo fún omi ọsàn yẹn sí ife fún yín. Ẹ mu ún, ẹ ní ó dùn, ẹ bi mí níbo ni mo ti rà á. Mo ní Bódìjà.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀? Ṣé òórùn rẹ̀ sọ nǹkan kan fún yín? Ṣé ohun tí ẹ̀ ń bèèrè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, bóyá inú wọn ti rọ̀ sí yín? Ẹ̀yin tí ẹ sọ òtítọ́ fún rẹfirí lójú gbogbo ayé, ọmọ tí ẹ bí nìyí.

Nígbà tí Bàbá Rájí wá gba iṣẹ́, mo ní èmi fúnra mi ni n ó gbé e wá. Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn èèyàn pápá yẹn máa ń pàdé, lábẹ́ máńgòrò kan létí pápá àtijọ́ yẹn. Àgbàlagbà méje ni mo bá. Mo kúnlẹ̀, mo ní ọmọ Tìmùtìmù ni mí. Bàbá, ariwo ayọ̀ sọ! Ìyá tó ń dáná yẹn gbá mi mọ́ra, ó ní àbí ẹ ò rí imú bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n ń bèèrè ọjọ́ tí ẹ máa dé. Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́.

“Wọ́n ti di olóògbé, sà. Ó ti pé oṣù méje.”

“Ní Àbújá níbẹ̀?” Bàbá Rájí ló bèèrè.

“Rárá, sà. Wọn ò lọ Àbújá. Ilé ni wọ́n wà. Èmi ni mo dá yín lóhùn lẹ́nu géètì.”

Ìyá yẹn yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká mi.

“Ṣé ó mọ̀ pé a wá?” Bàbá Rájí tún bèèrè.

Irọ́ kan ti wà lẹ́nu mi, ó rọrùn, ì bá tù wọ́n nínú. Mo gbé e mì.

“Mo sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó wá, sà.”

Bàbá Rájí jókòó. Ó ṣí ìwé náà, ó ń fi àtàńpàkò tẹ́ etí rẹ̀ tó ká. Kò bú mi. Ó kàn ní, “O jẹ́ kó kú, kó máa rò pé a ṣì ń bínú sóun.” Mo dojú bolẹ̀. Ó da ìwé náà padà sí mi lọ́wọ́.

“Gbogbo àwa tá a sọ ọ́ lókò la kọ tiwa síbẹ̀. Lọ kọ tìẹ. Lọ́jọ́ Sátidé a máa wá síbi sàréè ẹ̀, ìwọ lo máa kà á.”

Ojú ìwé tèmi nìyí, Bàbá. Mo máa fi lẹ́tà ńláńlá tẹ̀ ẹ́ bíi tiwọn, mo sì máa kà á sókè níwájú gbogbo wọn, àti níwájú Màmá, tí kò tíì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ẹ máa gbọ́? Inú wọn ti rọ̀ sí yín tipẹ́tipẹ́. Èmi ló kù tí mò ń bẹ̀bẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ṣẹ̀ yín.