Kílíìpù Tí Yóò Mú Kí Ọwọ́ Ọmọ Mi Dilẹ̀

Àkọ́bí mi, ẹni tó sọ mí di ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde nílé? Orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti ń yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ tìrẹ yóò múlẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó jókòó tì mí níbi ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ṣọ́ ẹnu bírò mi bí ẹni pé mo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ tọrọ nǹkan. Ilé wà dáadáa. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Òrùlé ibi ìdáná tún ti ń jò, ṣùgbọ́n jíjò rẹ̀ kọ́ ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kílíìpù ni. Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé nítorí ìwé kì í kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀ bíi fóònù.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ńlá onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa dé ọ̀dọ̀ wa. O mọ̀ pé fóònù kékeré tiwa kò gba irú rẹ̀, ìpè nìkan ló mọ̀. Onígbàjámọ̀ fá orí oníbàárà rẹ̀ dé ìlàjì, ó fi í sílẹ̀ lórí àga, ó sáré wá gbé fóònù sí mi létí. Mo gbọ́ tí o ní ẹ káàsán mà, èmi náà dáhùn pé káàsán ọmọ mi, ara ńkọ́, ṣùgbọ́n o kò dúró gbọ́ mi, ṣe lo ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Mo ní kí o rọra, o kò rọra. Mo bi ọ́ léèrè pé ṣé kò sí nǹkan, o kò dá mi lóhùn. Ọkàn mi ti dàrú kí o tó dé ibi ọ̀rọ̀, torí èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ pé kí o máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Onígbàjámọ̀ ní ohùn tí o ti sọ sílẹ̀ láti àárọ̀ ni, pé o kò sí níbẹ̀ rárá. Mo ní bí kò bá sí níbẹ̀, ta ló wá ń sọ̀rọ̀? Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n ṣáà máa gbọ́.

Ohun tí mo rí gbọ́ nìyí. O ní o fẹ́ ra kílíìpù tí yóò máa gbé kámẹ́rà iṣẹ́ rẹ. O ní oríṣi mẹ́ta ni o ń wò, ti ike, ti òòfà àti ti irin, o kò mọ èyí tí o máa mú. O ní ohun tí o fẹ́ ni kí ọwọ́ rẹ méjèèjì lè dilẹ̀ níbi iṣẹ́. O ní ti irin wù ọ́ torí bí èèyàn bá ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti tú nìyẹn. Ibẹ̀ ni bátìrì fóònù onígbàjámọ̀ kú sí.

Ọmọ mi, ìyá tó rán ọmọ lọ sí ìlú ńlá pé kó lọ ṣiṣẹ́, tó wá gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà pé òun ń wá ohun tí yóò mú kí ọwọ́ òun dilẹ̀ níbi iṣẹ́, kí ni kí ó rò? Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dá ọ dúró. Mo rò pé kámẹ́rà yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́, pé wọn yóò fi kílíìpù há a mọ́ ibì kan, yóò máa ya àwòrán fúnra rẹ̀, ìwọ yóò sì ká ọwọ́ gbera máa wò ó. Mo ń rán aṣọ lọ́jọ́ náà, mo rán ẹnu apá aṣọ oníbàárà pọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí o ṣì wà ní ìkókó.

Nígbà tí fóònù onígbàjámọ̀ jí, mo ní kí ó bá mi wá ohun tí wọ́n ń pè ní kílíìpù. Ó tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ní kílíìpù nìyẹn, pé fíìmù kúkúrú ni. Mo ní báwo ni fíìmù ṣe ń gbé ẹrù? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wọn àwọn ọmọ wò, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín ènìyàn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé òun ni wọ́n fi ń há ìwọ́ ọmọ tuntun, bó bá ṣe díẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó ń já bọ́ fúnra rẹ̀, àti èyí tí ìwọ ní wọ́n kàn ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ tó ti tú! Irú àgádágodo wo ló ń yangàn pé òun mọ ìtúsílẹ̀? Èmi kò tíì rí bọ́tìnnì tó ń polówó pé òun lè já.

Mo padà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ pé kó wá èyí tí kì í jó. Ó wá rí àwòrán àwọn kílíìpù kámẹ́rà gan-an, bí wọ́n ṣe ń há wọn mọ́ okùn àpò tàbí mọ́ bẹ́líìtì. Lábẹ́ wọn ni àwọn ìràwọ̀ wà, òmíràn ní márùn-ún, òmíràn ní méjì. Mo kígbe pé ha, èyí ti já bọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ọmọ mi má ṣe sún mọ́ ọn! Ó ní rárá o, bí ìràwọ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni nǹkan náà ṣe dára tó, pé àwọn tó ti rà á ló ń fún un. Ó ka ohun tí ẹnì kan kọ sábẹ́ ti òòfà sí mi létí, pé òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà òun, kámẹ́rà òun sì wọ inú odò lọ. Mo bá ẹni náà kẹ́dùn. Onígbàjámọ̀ ní kò lè gbọ́ mi. Kí wọ́n má gbọ́ mi ti mọ́ mi lára.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi ìdí tí o fi fẹ́ kí ọwọ́ rẹ dilẹ̀. Mo pè ọ́, fóònù rẹ kò wọlé. Mo wá pe àbúrò rẹ tí ẹ jọ ń gbé. A kí ara wa, mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà, pé orúnkún náà ti ń jinná. Mo ní orúnkún wo? Ó wúkọ́. Mo tún ní orúnkún wo? Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ọmọ yẹn! Mò ń gbọ́ bí aládùúgbò yín ṣe ń fọ abọ́, òun ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Mo ní bí kò bá sọ̀rọ̀, mo ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú ẹrù mi. Ìgbà yẹn ló jẹ́wọ́.

Ó ní ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni ilé iṣẹ́ yín ń rán ọ lọ ya àwòrán rẹ̀, kí olówó tó ni ín lè rí ibi tí iṣẹ́ dé láì kúrò lórí àga rẹ̀. Ó ní o máa ń gun àkàbà àwọn bíríkìlà, ọwọ́ kan lára àkàbà, ọwọ́ kan lára kámẹ́rà. Ó ní òjò rọ̀, àkàbà ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ sì tàsé. O gbá kámẹ́rà mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, o sì fi orúnkún balẹ̀ sórí òkúta. Kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà. Wọ́n rán orúnkún rẹ, o sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa.

Mi ò bínú. Mo bínú díẹ̀. Ṣé kámẹ́rà ni wọ́n fi ọ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀, àbí òun ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ tìrẹ? Bó bá já, kó já. Ilé tí wọ́n ti ń ta òmíràn wà, ibo ni mo ti fẹ́ ra òmíràn rẹ?

Mi ò fẹ́ sọ fún bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ojú mi ti sọ ọ́. Ó wọ yàrá, ó gbé àpò ilé ìwé rẹ àtijọ́ jáde, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn, ó sì lọ mú áyọ́ọ̀nù mi. Ó ní nígbà tí o wálé tí o jẹ́ kí òun gbé kámẹ́rà náà wò, bí áyọ́ọ̀nù ló ṣe wúwo. Ó kọ́kọ́ fi pẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń há aṣọ mọ́ okùn gbé e kọ́, pẹ́ẹ̀gì fọ́. Ó mú méjì, méjèèjì fọ́, áyọ́ọ̀nù já lù ú lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ ké. Ó tú ìkọ́ irin lára ìlẹ̀kùn ìdáná, ó fi súkúrù dè é mọ́ okùn àpò, ó gbé áyọ́ọ̀nù kọ́ ọ. Ìkọ́ náà dúró, kò já. Bàbá rẹ wá ń rìn yí àgbàlá ká, áyọ́ọ̀nù láyà, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nà ró. Àwọn tó ń kọjá ń kí i, ó ń dáhùn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan láyà ara rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bá mi rò pé orí rẹ̀ ti yí, mo padà sídìí iṣẹ́.

Nígbà tí mo tún yọjú, mi ò rí i. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, ó wà lórí àkàbà.

O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti já láti orí òrùlé ni kò ti gun nǹkan kan mọ́. Gílóòbù pàápàá, èmi ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà lókè lọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú gírígírí, áyọ́ọ̀nù ń fì láyà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí àkàbà fi ń lu ògiri. Mi ò lè pariwo kó má baà ta gìrì. Mo rọra ní bàbá wọn, kí lẹ ń wá? Ó ní òun ń wá ibi tí ọmọ òun ń dúró sí. Ó ní lọ́jọ́ tí òun já, ọwọ́ kan ni òun fi di igi òrùlé mú, ayùn wà ní ìkejì, ayùn tuntun ni, òun kò fẹ́ jù ú. Ó ní ká ní òun ní ọwọ́ kejì ni, òun kì bá tí já. Kò sọ èyí fún mi rí, láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ìgbà tó ń dubúlẹ̀ àìsàn pàápàá, atẹ́gùn ló ń dá lẹ́bi. Ó ní kí n jẹ́ kí o ra kílíìpù náà. Ó wá wo ilẹ̀, ó ní òun kò mọ bí òun yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Mo sáré pe onígbàjámọ̀, òun ló bá mi gbé e sọ̀. Bàbá rẹ ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí igi àkàbà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbé ẹyin. Nígbà tó tẹ ilẹ̀, ó jókòó sórí erùpẹ̀, ó sunkún, èmi náà jókòó tì í. Áyọ́ọ̀nù ṣì wà níbi tó wà.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí a fẹnu kò lé. Má ra ti ike. Ti òòfà, má tilẹ̀ wò ó. Ti irin tó ń fi súkúrù de ara rẹ̀ mọ́ okùn ni kí o rà. Ní ti àtàǹpàkò tó ń dẹ́rù bà mí, onígbàjámọ̀ ti kà á, ó ní bọ́tìnnì kékeré kan wà tí èèyàn kọ́kọ́ ń yí kó tó lè tẹ̀ ẹ́. Máa yí i padà kó lè tì. Máa fi ọwọ́ yẹ súkúrù náà wò ní àràárọ̀ kí o tó jáde. Okùn àpò rẹ apá òsì kò sì lágbára mọ́, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Bí a bá há irin mọ́ okùn jíjẹrà, okùn la máa bá wí. Mo ti rán okùn méjì tuntun, ìlọ́po mẹ́ta, òwú àpò sìmẹ́ńtì ni mo fi rán wọn. Àwọ̀ wọn kò bára mu, má bínú, ohun tó wà nílẹ̀ ni.

Ní ti owó, o mọ̀ pé ìwé mi kì í parí láìdárúkọ rẹ̀. Òrùlé ìdáná ń jò lóòótọ́, pẹ́ẹ̀gì mi ti fọ́, ìlẹ̀kùn ìdáná kò sì ní ìkọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ra kílíìpù ná. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, kí o rántí pé òjò ń wọ inú ìkòkò wa.

Ohun kan tí a fẹ́ gan-an, bàbá rẹ ló ní kí n kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí o bá gun àkàbà, bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti tẹ ilẹ̀, kí o fi fóònù ta wá lólobó, kó dún lẹ́ẹ̀kan péré, kí o pa á. A kò ní gbé e, kó má baà jẹ owó rẹ. A kàn fẹ́ kó dún ni.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Àgbà ni wàá dà kí o tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìsimi ọwọ́. Ọ̀nà tó gbé ọ gòkè yóò máa gbé ọ sọ̀ ní àlàáfíà.

Èmi ni, ìyá rẹ. Bàbá rẹ ti gbé fóònù sórí itan, o kò sì tíì gba ìwé yìí.